Yaya Frosíni, Bàbá Xosé àti Ọdún tí Ilé Wa Dákẹ́

Ògiri ilé tí mo gbé dàgbà kò nípọn rárá. Ní Osdorfer Born ni, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn Hamburg, nínú ilé gogoro kan tí a ń gbé àjà kẹjọ rẹ̀. Bí bàbá mi bá gbé orin ìyìn lówùúrọ̀, àwọn ará àjà kẹsàn-án ti mọ ẹsẹ tó kàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ju ìgò sínú ihò ìdalẹ̀nù, gbogbo wa la máa ń gbọ́ bó ṣe ń lu ògiri bọ̀ láti òkè, a ó sì máa dúró de ìgbà tí yóò balẹ̀. Aufzug tó ń gbé wa gòkè máa ń kérora bí àgbà tó fẹ́ dìde lórí àga. Wọ́n ní reluwé ń bọ̀ ládùúgbò wa. Mo ti ń hu ewú báyìí, bọ́ọ̀sì náà la ṣì ń wọ̀. Ìyá mi kì í pe ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilẹ̀kùn wa ní orúkọ tí àwọn Jámánì ń pè é. Agboolé ló ń pè é. Ó máa ń gbá a lárààárọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà àwọn ará ẹ̀gbẹ́ wa, kódà nígbà tí kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tiwa láti gbálẹ̀. Àwọn ará ẹ̀gbẹ́ wa yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, nítorí àwọn ló jẹ́ kí n lè bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gbọ́ Yorùbá kankan ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ.

Tọkọtaya arúgbó ni wọ́n. Frosíni ni orúkọ ìyàwó, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì láti abúlé kan lórí òkè. Ó ní kí n máa pe òun ní Yaya, ìyẹn ìyá àgbà lédè wọn. Xosé ni ọkọ, ọmọ Galíṣíà, igun kan ní Sípéènì lápá ibi tí òkun ńlá wà, níbi tí òjò kì í fẹ́ kúrò. Bí ẹni ń sọ Ṣosé la ṣe ń pe orúkọ náà. Àwọn Jámánì kan á ní Kosé, àwọn mìíràn á ní Ksosé, ṣùgbọ́n ìyá mi kàn kọ "Bàbá Ṣosé" sórí káàdì Kérésì, ó fi àmì sí abẹ́ S, ó parí. Bàbá náà wo àmì kékeré yẹn títí. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé ilẹ̀ Jámánì, ìyá mi lẹni àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ òun bí ìyá òun ṣe ń pè é. Ilé iṣẹ́ ẹja kan ni wọ́n ti pàdé nígbà ọ̀dọ́ wọn. Obìnrin náà ń to ẹja sínú agolo, ọkùnrin náà ń tún ẹ̀rọ ṣe, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ èdè ẹnì kejì. Yaya máa ń sọ pé torí kí àwọn lè rí èdè fi jà làwọn ṣe kọ́ Jámánì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé "ó" ni mo ń pe àwọn àgbà nínú ìtàn yìí. Kí ọ̀rọ̀ má bàa lọ́ra wọn ni. Lójú wọn, n kò jẹ́ dán an wò.

Ọdún tí mo ń wí yìí ni ilé tiwa dákẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Tíṣà mi ránṣẹ́ pe àwọn òbí mi, ó ní n kì í lanu ní kíláàsì, ó ní èdè ilé ló ń dí mi lọ́wọ́, kí wọ́n máa sọ Jámánì fún mi. Ẹlòmíràn á gbọ́ irú èyí, á mi orí, á sì lọ ṣe tinú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn òbí mi, bí tíṣà bá ti sọ̀rọ̀, àmín ló kù. Nílé ìwé tí ìyá mi lọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì ni wọ́n ń fi pátákó kọ́ lọ́rùn, yóò sì gbé e kiri títí yóò fi rí ẹlòmíràn mú. Ẹni tó ti gbé irú pátákó bẹ́ẹ̀ kọ́rùn rí kì í bá tíṣà jiyàn. Wọ́n délé lọ́jọ́ náà, bàbá mi pa kásẹ́ẹ̀tì tó ń kọrin, ó sì kéde láàárín pálọ̀: "Ó yá o. From today, Deutsch nìkan. Yorùbá di Sunday, ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Jámánì tí ìyá mi gbọ́ nígbà náà, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, níbi tó ti ń wẹ̀ wọ́n, ló ti kọ́ ọ. Nítorí náà, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ọgọ́rin ọdún: "Arm hoch! Mund auf! Schön gemacht!" Ìyẹn ni pé apá sókè, yanu, o káre. Ibi ìkẹ́rù ní èbúté ni Jámánì bàbá mi ti wá, bí mo bá gbé ife omi lásán, á kígbe "Vorsicht!" bí ẹni pé àpótí fẹ́ já lù mí lórí. Mo kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀. Ìyá tó lè bú mi láti ilé ìdáná dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn láìmí wá di ẹni tó ń sọ "Nicht gut," kò dára, lẹ́ẹ̀mejì, tí á sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi mọ ohun tí mo pàdánù. Láàárọ̀, bí mo bá kúnlẹ̀ pé "Ẹ káàárọ̀, mà," oríkì ni ìyá mi fi máa ń gbé mi dìde: "Àjíkẹ́! Àjíkẹ́ mi, ṣé o jíire?" Oríkì kò ní Jámánì. Ó di "Guten Morgen," "Guten Morgen," ó tán. Nígbà tí òtútù fi mú, Yorùbá ti gbẹ lẹ́nu mi. Ìyá ìyá mi pè láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́jọ́ kan, wọ́n fi fóònù sí mi létí, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, n kò sì rí ọ̀rọ̀ kankan dá padà. "Ṣé ọmọ náà yadi ni?" ni ìyá àgbà ń bi. Ìyá mi gba fóònù, ó parọ́ pé oorun ń kùn mí. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe gbé fóònù kalẹ̀. Ohun tó wà lójú yẹn, mo lè pè é lórúkọ lónìí: ẹ̀rù ń bà á pé ọjọ́ ń bọ̀ tí èmi àti òun náà kò ní rí nǹkan kan bá ara wa sọ.

Àṣé bí ilé wa ṣe dákẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ilé kejì ń pariwo tó. Lẹ́yìn ilé ìwé, ọ̀dọ̀ Yaya àti Bàbá Xosé ni mo máa ń wà títí ìyá mi yóò fi dé. Yaya á gbé fasoláda kalẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀wà funfun tó ń ta sánsán, tàbí kí Bàbá Xosé se caldo tirẹ̀, ọ̀dùnkún àti ẹ̀fọ́ líle nínú omi ẹran. Bí a bá ti jẹun tán ni eré wa ń bẹ̀rẹ̀. Yaya á na ìka sí nǹkan kan, á pè é lédè tirẹ̀. Bàbá Xosé á pè é lédè tirẹ̀. Èmi adájọ́ á sọ èyí tó dùn jù. "O ílios," ni Yaya wí sí oòrùn ojú fèrèsé. "O sol," ni Bàbá Xosé wí. Èmi ni mo sọ fún wọn pé "o" kékeré kan náà làwọn méjèèjì fi ṣáájú. Wọ́n wo ara wọn. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti jọ ń jẹun, wọn kò kíyè sí i rí. Ọkùnrin ni oòrùn nínú èdè méjèèjì, obìnrin sì ni òjò. Àwọn Jámánì dorí rẹ̀ kodò, wọ́n ní oòrùn lobìnrin, òjò lọkùnrin. "Abájọ tí ojú ọjọ́ ibí fi dàrú," ni Yaya wí. Ṣùgbọ́n lórí òkun, wọn kò rẹ́ rárá.

"Thálassa," ni Yaya wí. "Obìnrin ni òkun. Ó ń bínú, ó sì ń dárí jini."

"O mar," ni Bàbá Xosé fèsì. "Ọkùnrin ni. Ó mú bàbá mi lọ, kò sì dárí nǹkan kan jì í."

Ìyá mi, tó ti dé sí ẹnu ọ̀nà tó sì gbé kóòtù mi dání, ní lọ́dọ̀ tiwa, a kì í bi òkun léèrè bóyá akọ ni tàbí abo, kí ó má lọ wá fi hàn wá.

Mo fẹ́ràn èdè méjèèjì dé ibi pé n kò lè dájọ́. Ti Gíríìkì ti pẹ́ láyé; ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ní lẹ́tà tirẹ̀ tó ń tan ọmọdé jẹ, nítorí èyí tí mo pè ní P, R ni. Yaya kì í tijú lórí rẹ̀. Bí a bá lọ gba oògùn, á tọ́ka sí pátákó Apotheke, á ní, "Ọ̀rọ̀ wa nìyẹn. Therapie, tiwa ni. Jẹ́ kí dókítà máa fọ́nnu, ẹnu ìyá ìyá mi ló ti yá gbogbo rẹ̀." Ohun tó wọ̀ mí lára jù ni pé Gíríìkì ní ìkíni fún ohun gbogbo, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Bí mo bá wọ bàtà tuntun, Yaya á ní "Me yiá," ohun tí àwa ń sọ pé "Ẹ̀mí á lò ó." Bí ooru bá ti ń lọ, á dúró lọ́dẹ̀dẹ̀ á máa kí àwọn èèyàn pé "Kaló himóna," wọ́n á máa wò ó bí ẹni orí rẹ̀ dàrú. Ìyá mi nìkan ló mọ èsì rẹ̀ lára gbogbo ará ilé náà. Ó dá a lóhùn lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn, mà," ló bá rántí òfin Deutsch nìkan, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ti Galíṣíà ní tirẹ̀ kì í pariwo. Ọmọ Látìn ni, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n Potogí, kò sì sí pátákó kankan ní Hamburg tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ kí ẹ tó rí agbára rẹ̀! Àwọn Jámánì á ní Regen, wọ́n á ṣí agbòjò. Bàbá Xosé á lọ sí ojú fèrèsé, á wò ó bí ẹni ń wo ẹran lórí àtẹ, á wá pè é lórúkọ. Èyí tó dà bí ìyẹ̀fun tí wọ́n ń kù sílẹ̀, poalla ni. Èyí tó ń rọ̀ jẹ́jẹ́ tí aṣọ fi ń rin láìmọ ìgbà tó rin, orballo ni. Èyí tó bá àrá wá, treboada. Mo mọ̀ ju márùn-ún lọ kí ọdún tó parí. Ó sì mọ bí a ṣe ń kẹ́ ọ̀rọ̀: kọfí di cafeíño, ọmọbìnrin di filliña, ọmọ mi kékeré. Bí mo bá bi í pé "Chove?", ìyẹn ni pé ṣé òjò ń rọ̀, kì í ní bẹ́ẹ̀ ni, "Chove" ni yóò dá padà, ó ń rọ̀. Nígbà mìíràn kẹ̀, ìbéèrè ni yóò fi dá mi lóhùn, Yaya á sì ní gbogbo ará ìlú wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Marína, tó ti dàgbà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Amt, ọ́fíìsì ìjọba kan láàárín ìlú. Yaya fi tipátipá mú un lọ kọ́ Gíríìkì ní gbogbo Sátidé títí ó fi gbọ́ ọ yékéyéké. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lédè bàbá rẹ̀. Mo bi Bàbá Xosé ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, bí ọmọdé ṣe ń bèèrè láìbẹ̀rù. Ó ní tíṣà òun nílé máa ń na àwọn ní rúlà lórí ìka bí àwọn bá sọ ọ́ dípò Sípéènì. Tíṣà náà ní èdè tí wọ́n fi ń da màlúù ni. "Nígbà tí mo bí ọmọ tèmi," ni ó wí, "mo fún un ní èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní nà án fún." Ìyá mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó fi ọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀ níbi tí pátákó ti kọ́ nígbà kan, ó sì ròyìn rẹ̀ fún un. Ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí igi tún bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá Xosé. Ó sọ ọ́ sílẹ̀ láàyè, ṣùgbọ́n ó gba Jámánì lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Èdè tí rúlà kò lè lé jáde nìkan ló kù sí i. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: Jámánì ló fi bá ìyàwó rẹ̀ gbé ayé, òun náà ló fi bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ti lọ. Yaya ń sọ̀rọ̀ sí i létí lédè Gíríìkì, Marína ń bá a sọ Jámánì, ó kàn ń wò wọ́n. Wọ́n pe nọ́ọ̀sì kan tó gbọ́ Sípéènì wá, ṣùgbọ́n bí bàbá náà ṣe gbọ́ èdè tíṣà ọjọ́sí, ó kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ kẹta, Yaya kan ilẹ̀kùn wa. Kò jókòó. Ó ní, "Mama Àjíkẹ́, jọ̀wọ́ yá mi ní ọmọ rẹ."

Èmi àti ìyá mi la jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí mo ṣe dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, mo kúnlẹ̀, nítorí orúnkún kò gbàgbé ohun tí ẹnu ti gbàgbé. Bàbá Xosé rí mi. Apá kan ẹnu rẹ̀ gbéra. "Aínda chove?" ni ó bi. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ṣì ń rọ̀.

"Chove," ni mo wí.

"Treboada?"

"Non. Orballo."

Ó rẹ́rìn-ín. Pẹ̀lú ìdajì ẹnu ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni. Ó wá yíjú sí Marína, ó ní "filliña," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ gan-an, ọ̀rọ̀ tó ti há sínú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ náà. Mo sọ fún Marína pé ọmọ mi kékeré ni bàbá rẹ̀ ń pè é. Obìnrin àgbà yẹn, tó wọ kóòtù iṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Kí ló tún sọ? Kí ló kù tó sọ?"

Òjò nìkan ni mo gbọ́ dáadáa nínú èdè náà. "Mi ò mọ̀," ni mo wí. Marína jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí i pé èmi kọ́ ni ìyá mi ń wò, Marína ló ń wò.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa padà, ìyá mi tẹjú mọ́ fèrèsé títí a fi kọjá ibùdókọ̀ méjì. Omi wẹ́wẹ́ ń ṣàn lójú gíláàsì. Lójijì ló sọ̀rọ̀ sókè, gbogbo èèyàn gbọ́: "Àjíkẹ́!"

Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ni bàbá yẹn ń pe òjò yìí?"

"Orballo."

"Òjò winniwinni la máa ń pè é nílé wa. Oyá, sọ ọ́."

"Òjò winniwinni."

"Ehn-ehn! Èyí tó bá dà lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀wààrà. Èyí tó bá kọ̀ tí kò dá, àrọ̀ọ̀rọ̀dá. Èyí tó kọ́kọ́ rọ̀ lọ́dún, àkọ́rọ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi ò ní dá ru tèmi, ó ti o!"

Bàbá arúgbó kan yíjú wò wá. Ìyá mi kí i dáadáa ní Jámánì, ó sì tún padà sórí òjò. A ka orúkọ òjò títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ó wọ aṣọ tó dára jù tó ní, ó lọ bá tíṣà mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ fún un pé, "Jámánì, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́ ọ. Yorùbá, èmi ni màá kọ́ ọ." Mo wà níbẹ̀. Ó sọ ọ́ tán pátá.

Bàbá Xosé lo ìyókù ọdún náà sí i. Marína ra ìwé kékeré kan, ojoojúmọ́ ló ń jókòó tì í, tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, bàbá náà sì ń tún un ṣe pẹ̀lú ọwọ́ tó kù. Kó tó kú, àwọn méjèèjì ti lè jọ ṣàròyé nípa òjò. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn ará Gíríìsì ń kí Yaya pé "Zoí se sas," kí ìyè jẹ́ tiyín, ìyá mi sì kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù ó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà." Yaya kò bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Berlin ni mo ń gbé báyìí, ní Neukölln, níbi tí mo ti máa ń gbọ́ èdè mẹ́fà kí n tó ra búrẹ́dì. Logopädin ni mí. Àwọn tí ọ̀rọ̀ ti sá mọ́ lẹ́nu ni mo ń bá wá a. Yaya ìbá sọ pé tàwọn lorúkọ iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mò ń wọ reluwé lọ sí Hamburg, nítorí ìyá mi ṣì wà ní àjà kẹjọ, bàbá mi sì ti sùn nínú Olúwa. Láti ìgbà òtútù tó kọjá ni Jámánì ti ń fi ìyá mi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, "Mund auf" náà ti lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe wọlé, ọmọbìnrin tó ń wá wẹ̀ ẹ́ dúró sí ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Láti àárọ̀ ló ti ń sọ ohun kan náà," ni ó wí fún mi ní Jámánì. "Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́. Kí ló ń sọ?"

Ìyá mi yíjú sí mi. "Àjíkẹ́, ṣé o ti jẹun? Àbí o ò gbọ́ mi ni?"

Mo kúnlẹ̀. "Mo gbọ́ yín, mà. Mi ò tíì jẹun."